Pípààrọ̀ Àwọn Irin Ara Gìtá Oníná Nínú Ilé: Àkíyèsí Láti Agbègbè Kòsọ́fẹ́

Ìfáárà

Gìtá kì í ṣe àlejò mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti àwọn ọdún 1930 tí orin jùjú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Èkó ni ohun èlò olókùn tó ti ìdálẹ̀ wá ti ń bá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jókòó pọ̀. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n bí ní ọdún 1922, wà lára àwọn tí òpìtàn orin kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé gìtá oníná sórí ìtàgé ní Nàìjíríà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964, tí Sunny Adé náà sì dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967, gìtá oníná ti di òpó tí orin jùjú fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ jùjú ìgbà náà kí ó sọ pé òun kò mọ iṣẹ́ tí gìtá ń ṣe nínú rẹ̀.

Lóde òní, ilé ìjọsìn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ gìtá. Ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní Máìlì 12, ó ṣòro kí ènìyàn rin òpópónà kan já ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ó má gbọ́ ìró gìtá láti ojú fèrèsé. Gìtá náà kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ń ta á. Ti ìjọ ni, àwọn ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin mẹ́ta mẹ́rin sì lè máa fi ẹyọ kan kọ́ṣẹ́. Bí irú gìtá bẹ́ẹ̀ bá ṣe ọdún díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kò dúró lójú kan mọ́, a ó ní ó ti bàjẹ́, a ó gbé e sí yàrá ìkẹ́rùsí títí ìjọ yóò fi rówó ra òmíràn. Ní gbogbo àkókò tí ó fi wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn kò rí nǹkan kọ́.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé igi irú gìtá bẹ́ẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Àwọn irin àti ike kéékèèké tí wọ́n so mọ́ igi náà ló ń ṣàárẹ̀, wọ́n sì ṣeé pààrọ̀ nínú ilé, lórí tábìlì ìjẹun, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kò pọ̀. Àmọ́, ètò wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ yóò náwó lásán, ó sì lè lu ihò tí kò ní ṣeé dí mọ́.

Orúkọ tí a ó máa pè wọ́n

Láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde ní 1984 lábẹ́ àtúntò Ayọ̀ Bámgbóṣé ni ó ti hàn sí àwa olùkọ́ pé a kò lè fi Yorùbá kọ́ni ní ohun tí a kò rí orúkọ fún. Ọ̀rọ̀ gìtá kò yàtọ̀. Orí, ọrùn àti ara ti wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí wọn kò yé. Ọ̀rọ̀ di rúdurùdu nígbà tí a bá dé orí àwọn irin. Bí àpẹẹrẹ, àwọn onígìtá Èkó ń pe pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gbà kọjá láti orí bọ́ sí ọrùn ní nọ́ọ̀tù. Nọ́ọ̀tù kan náà ni wọ́n ń pe irin roboto tí a fi ń de èèkàn àti jáàkì. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí ó lọ ra nọ́ọ̀tù wá lè mú èyí tí a kò rán an dé.

Nínú iṣẹ́ yìí, ìrọ̀rí okùn ni a ó pe pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà, nítorí pé orí rẹ̀ ni okùn gbé orí lé. Ohun tí a ń yí láti mú okùn le tàbí kí ó dẹ̀, èèkàn ni a ó pè é. Gbẹ̀du àti ìgbìn ti ní èèkàn tí wọ́n fi ń fa awọ wọn kí gìtá tó dé. Bírìjì ni a ó fi sílẹ̀ fún irin tó gbé okùn dúró lórí ara gìtá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ àwọn onígìtá lẹ́nu. Irin kéékèèké orí rẹ̀ tí okùn kọ̀ọ̀kan jókòó lé ni ìjókòó okùn. Píkọ́ọ̀pù ni irin òòfà tí a fi wáyà bàbà tínrín wé, tó ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè gbé sókè. Fọ́líọ́mù àti jáàkì, gbogbo atún-rédíò-ṣe ló mọ̀ wọ́n.

Ohun tí ojú ọjọ́ ń ṣe sí irin

Kòsọ́fẹ́ kò jìnnà sí omi. Odò Ògùn ń kọjá lẹ́yìn Máìlì 12, ọ̀sà sì wà nítòsí. Lọ́pọ̀ oṣù inú ọdún, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó ga ju èyí tí àwọn tó ń ṣe gìtá fẹ́ lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi òógùn ọwọ́ kún un, tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ó yani lẹ́nu pé okùn ń dípẹtà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí súkúrù kéékèèké tó ń gbé ìjókòó okùn sókè sì ń há mọ́ ojú ihò wọn.

Síǹkì ni wọ́n fi ń rọ púpọ̀ nínú irin ara gìtá olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n á wá fi kúróòmù bò ó lójú. Síǹkì kì í ní ìpẹtà pupa bí irin lásán. Ńṣe ni ó máa ń hu èéfún funfun, tí ojú súkúrù inú rẹ̀ yóò sì jẹ dànù. Ní ti àwọn irin aláwọ̀ wúrà tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n lójú tiwa. Òógùn ọwọ́ kì í pẹ́ bó wúrà náà kúrò, kò sì sí ohun tí ó fi kún ohùn.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀

Bí gìtá kò bá dúró lójú ohùn, èèkàn ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ bú. Wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ sí Alábà, wọ́n á ra èèkàn tuntun, wọ́n á dè é mọ́ ọn, gìtá náà yóò sì tún máa ṣe bí ó ti ń ṣe. Ìdí ni pé ìrọ̀rí okùn ló sábà máa ń fa ìṣòro náà. Bí ojú ibi tí okùn gbà bá fún jù, okùn á há síbẹ̀. A ó yí èèkàn, ohùn kò ní yí padà. A ó tún yí i díẹ̀, a ó gbọ́ kín-ín, ohùn á sì fò kọjá ibi tí a fẹ́.

Ọ̀nà tí a lè gbà dá a mọ̀ kò le. Ẹ mú okùn bọ́ sí ojú ohùn tó yẹ, ẹ fi ìka tẹ okùn náà díẹ̀ láàárín ìrọ̀rí àti èèkàn, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ohùn bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò sì padà sílẹ̀, okùn ti há nínú ìrọ̀rí nìyẹn. Kí a tó ná kọ́bọ̀, kí a fi ẹnu pẹ́ńsùlù dúdú kun inú ojú náà. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ń mú kí okùn yọ̀. Bí èyí bá mú ìyàtọ̀ wá, a ti mọ ohun tí a ó pààrọ̀. Kí a tún wo bí a ṣe wé okùn mọ́ èèkàn. Ìwé méjì tàbí mẹ́ta tí ó ń lọ sísàlẹ̀ létòlétò ti tó. Okùn tí a wé ní ìgbà mẹ́jọ, tí wọ́n gun ara wọn lórí, kò ní yéé fà.

Ìrọ̀rí onike tó ní ihò nínú ni ó pọ̀ jù lára àwọn gìtá tí owó wọn mọ níwọ̀n. Eegun màlúù sàn jù ú lọ fíìfíì, àgbègbè tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò sì ṣaláìní alápatà. Egungun ẹsẹ̀ tí ó le, tí kò ní ihò wínníwínní, ni kí a bèèrè. A ó bọ̀ ọ́ títí ẹran àti mùdùnmúdùn yóò fi kúrò, a ó fi ọṣẹ fọ ọ̀rá ara rẹ̀ nù, a ó sì sá a fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ayùn irin gé e, tí a ó sì fi fáìlì àti sáńpépà fá a. Kí a fi aṣọ bo imú, nítorí eruku eegun kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìbú ìrọ̀rí wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ mílímítà 42 tàbí 43. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílímítà 3.2 lára gìtá tó tẹ̀lé àpẹẹrẹ Fender, ti irú Gibson sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba èyí gbọ́ láìwọn ti ara gìtá rẹ̀.

Gígé ojú okùn ni ó gba sùúrù jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Kí ojú náà rọra dagun sí ìhà èèkàn, kí okùn lè fi etí iwájú ìrọ̀rí ṣe ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ohùn rẹ̀. Bí a bá tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kẹta, àlàfo tó kù láàárín okùn náà àti fírẹ́ẹ̀tì kìíní kò gbọdọ̀ ju kí bébà kan lè gbà á kọjá. Bí kò bá sí àlàfo rárá, a ti gé e jù, okùn yóò sì máa han, àfi kí a tún fá eegun mìíràn. Onílù tó ń fi ìdà sójú bàtá mọ irú sùúrù yìí: díẹ̀díẹ̀ ni ó ń lẹ̀ ẹ́, tí ó ń lù ú wò, títí ohùn yóò fi bọ́ síbi tó fẹ́.

Wíwọ̀n kí a tó rà

Bí a bá ti rí i dájú pé èèkàn gan-an ló ti jẹ, ilé ni à á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kì í ṣe gbogbo èèkàn ló bá gbogbo orí gìtá mu. Ihò orí gìtá àtijọ́ àti àwọn tó fara wé e jẹ́ nǹkan bí mílímítà 8.7; ti ọ̀pọ̀ gìtá ìgbàlódé jẹ́ mílímítà 10. Èèkàn tí ó tóbi kò ní wọ ihò kékeré, èyí tí ó kéré yóò sì máa mì nínú ihò ńlá. Kí a wo bí èèkàn ṣe tò pẹ̀lú, bóyá mẹ́fà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí mẹ́ta wà ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni èèkàn ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni ti òsì. Kí a tún wo ibi tí súkúrù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ wà. Nọ́ḿbà bí 14 sí 1 tàbí 18 sí 1 tí wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀ ń sọ iye ìgbà tí a ó yí ọwọ́ èèkàn kí òpó rẹ̀ tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó bá pọ̀ jù ni a lè fi wá ojú ohùn lọ́nà tó rọrùn jù.

Ti bírìjì tún ṣòro díẹ̀ sí i. Lára gìtá irú Stratocaster, tí Fender gbé jáde ní 1954, okùn kìíní sí ìkẹfà fi nǹkan bí mílímítà 56 jìnnà síra lórí bírìjì àtijọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Éṣíà kò ju nǹkan bí 52.5 lọ. Ẹni tí ó bá ra èyí tí kò bá a mu yóò rí i pé okùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ fẹ́ bọ́ kúrò létí ọrùn, ihò súkúrù kò sì ní bára mu. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń mú ẹ̀rọ ìlugi. A kò fara mọ́ ọn. Bí bírìjì bá fi mílímítà mẹ́rin péré kúrò ní àyè rẹ̀, ìjókòó okùn lè má rí ibi sún sí mọ́ láti mú ohùn ṣọ̀kan, gìtá náà á sì di ohun àfiṣeré. Kí a wá bírìjì tí ó bá ihò tó wà nílẹ̀ mu, bí ó tilẹ̀ gba oṣù kan ká tó rí i.

Bí ihò súkúrù bá ti jẹ, kí a fi igi ìtayín kan tàbí méjì bọ gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, kí a kì í bọ inú ihò náà, kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí a sì gé e pẹrẹsẹ. Súkúrù á tún dì í mú bíi tuntun.

Dídè é mọ́ra

Àpapọ̀ agbára tí okùn mẹ́fà fi ń fa ọrùn gìtá, bí a bá lo okùn wọ́n-ọ́n-nì tí a ń pè ní 10 sí 46, tó nǹkan bí ìwúwo kílógíráàmù 45. Àpò sìmẹ́ǹtì kan kò fi púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí a má ṣe fi pílíọ̀sì gé okùn tó wà ní fífà. Kí a dẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn pọ̀, kí a tó bọ́ wọn. Bí súkúrù kan bá kọ̀ láti yí, kí a kán òróró kékeré sí i, kí a fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Fífi agbára yí i yóò kàn jẹ orí rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn tí a bá de bírìjì tuntun, tí a sì fi okùn tuntun sí i, gíga okùn ni a ó kọ́kọ́ wò. Mílímítà 1.6 sí 2 lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni a ó wá ìṣọ̀kan ohùn. Ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kan náà, kí ẹ tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí èyí tí a tẹ̀ bá ga jù, kí a sún ìjókòó okùn sẹ́yìn. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, kí a sún un síwájú sí ọ̀nà ọrùn. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé láti tún okùn náà mú bọ́ sójú ohùn lẹ́yìn ìsúnkúrò kọ̀ọ̀kan.

Wáyà tí kò yẹ kí a gé

Wáyà tínrín kan wà tí ó ti bírìjì lọ sí ẹ̀yìn fọ́líọ́mù. Lára irú Stratocaster, a ó rí i níbi irin tó gbá sípíríìngì mú lẹ́yìn gìtá; lára irú Telecaster, abẹ́ bírìjì gan-an ni ó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so okùn pọ̀ mọ́ ilẹ̀ iná, kí ariwo hùn-ùn lè lọ sílẹ̀ nígbà tí a bá fọwọ́ kan okùn. Ẹni tó bá yọ bírìjì láìmọ̀ lè já a. Lẹ́yìn tí a bá parí iṣẹ́, kí a fọwọ́ kan okùn: bí ariwo bá dínkù, wáyà náà wà ní ipò rẹ̀.

Ewu tí ó wà níbi yìí kọjá ti ariwo. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ni ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ń lò nígbà tí iná ọba bá lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò sì so mọ́ ilẹ̀. Bí a bá tún so ẹ̀rọ gbohùngbohùn gìtá mọ́ orísun iná kan, tí a so ti màíkì mọ́ òmíràn, onígìtá tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn lè fi ètè kan màíkì kí iná sì gbé e. Àwọn kan á ní kí a gé wáyà bírìjì náà tàbí kí a ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta orí púlọ́ọ̀gì. Èkejì ló burú jù, nítorí pé ẹsẹ̀ náà gan-an ni ó ń gbé iná tó bá ṣèèṣì já sára ẹ̀rọ lọ sí ilẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí gbogbo ẹ̀rọ orin gba iná láti orísun kan ṣoṣo, kí oníṣẹ́ iná sì ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ amúnáwá. A lè tú gìtá fúnra wa. Kí a má ṣe tú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí pé iná lè wà nípamọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ti jáàkì, ìtàn rẹ̀ kò gùn. Nọ́ọ̀tù rẹ̀ á dẹ̀, jáàkì á máa bá wáyà yí, wáyà inú á já, a ó sì ní píkọ́ọ̀pù ti kú. Áyọ́ọ̀nù tí àwọn atún-rédíò-ṣe fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó láti tún un ṣe. Kí a ṣí fèrèsé nítorí èéfín rẹ̀, kí a sì fọwọ́ kí a tó jẹun. Bí a bá ń pààrọ̀ fọ́líọ́mù, kílò-óòmù 250 ni ó bá píkọ́ọ̀pù oníkòkò-wáyà kan mu jù, 500 sì ni ti oníméjì. Bí a bá fi 250 sí oníméjì, ohùn rẹ̀ á ṣú díẹ̀, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́.

Níwájú akẹ́kọ̀ọ́

Olùkọ́ tí ó bá ní irú gìtá yìí ní ilé ẹ̀kọ́ lè lò ó ju bí a ti rò lọ. Kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi rúlà wọn okùn láti ìrọ̀rí dé bírìjì, nǹkan bí mílímítà 648 lára irú Fender, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Wọn yóò rí 324, ìdajì géérégé, etí wọn yóò sì sọ fún wọn pé ohùn kan náà ni, àmọ́ ó ti gòkè. Olùkọ́ èdè náà lè fi okùn mẹ́ta kọ́ dò, re, mí fún àwọn tí àmì ohùn ń dà láàmú.

Gbogbo irin tí a bá bọ́, kí a dì wọ́n sínú àpò ọ̀rá kan, kí a kọ ọjọ́ sí i lára, kí a sì fi í sínú àpótí gìtá. Kí ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí a kọ ìwọ̀n ihò èèkàn, ìbú ìrọ̀rí, jíjìnnà okùn síra lórí bírìjì àti nọ́ḿbà okùn tó wà lórí rẹ̀ sí, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú lè mú un dání lọ sí ọjà.